Bá Mi Fọ Fọ́tò Yìí

Ẹni tó bá ní èdè Yorùbá rọrùn, kó lọ bá Yusrah, ìyàwó Sherifdeen, kó gbọ́ tẹnu rẹ̀. South London ni wọ́n bí Yusrah sí, ẹ̀yìn Rye Lane ní Peckham ló dàgbà sí, nínú àwọn ilé gogoro tí council kọ́ síbẹ̀. Yorùbá tó gbọ́ kò kéré. Ohùn ni kì í fi sí i. Ọ̀rọ̀ á jáde lẹ́nu rẹ̀ gbalaja, kò gòkè, kò sọ̀, bí ẹni ń ka nọ́ńbà bọ́ọ̀sì. Síbẹ̀, nígbà tó gbọ́ pé ìyá ọkọ òun ń bọ̀ láti Ìwó wá lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ́dọ̀ wọn, ó búra pé òun kò ní fi Gẹ̀ẹ́sì dá wọn lóhùn títí wọn yóò fi padà sílé.

Pápákọ̀ òfurufú ni ìbúra náà ti kọ́kọ́ kó bá a.

Àlhájà Hàlímọ̀tù ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹrù wọn jáde ni, Yusrah kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ sórí ilẹ̀ dídán, ó kí wọn kú ìrìn, ó kí wọn kú ewu. Àwọn òyìnbó ń yà fún un lọ́tùn-ún lósì. Bó ṣe dìde, ó wo fóònù rẹ̀, ó rí i pé takisí tí wọ́n pè ti dúró síta. Ló bá fi tayọ̀tayọ̀ kéde:

"Mummy, ọkọ yín ti dé!"

Àlhájà dúró sójú kan. Alhaji Làtíìfù Mákánjúọlá, ọkọ wọn, ti wà nínú sàréè ní Ìwó láti ìgbà tí Sherifdeen ti wà lọ́mọ ọwọ́.

"Ọkọ tèmi?" Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. "Ó wọ báálù wá ni?"

"Ọkọ̀ ló fẹ́ wí, Màámi! Ọkọ̀!" Sherifdeen ń pariwo, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì wa mọ́tò nínú afẹ́fẹ́. "Taxi ni!"

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Àlhájà. Wọ́n jókòó lé àpótí wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Láti ọjọ́ náà ni Yusrah ti di "Òyìnbó mi". Òyìnbó mi, bá mi gbé omi tíì wá. Òyìnbó mi, ṣé ẹja yẹn ti jinná? Ìfẹ́ ló wà nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ọ á mọ̀, ṣùgbọ́n bí ìgbà tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún Yusrah ló rí lára rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́ kí ìyá yìí tó padà: kí wọ́n fi ẹnu ara wọn pe òun ní ìyàwó, kí wọ́n má fi òyìnbó kankan kún un.

Ilé kékeré ni tọkọtaya náà ń gbé, kò jìnnà sí Peckham Rye. Ohun tí Àlhájà fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni ògiri pálọ̀, tí fọ́tò ọjọ́ yìgì àwọn ọmọ wọn bò látòkè délẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ Yusrah ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tí oníṣẹ́ fọ́tò ọjọ́ náà dárúkọ iye tí yóò gbà lórí álíbọ́ọ̀mù, Sherifdeen kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe àwàdà, wọ́n gba ọ̀dọ̀ Uncle Babátúnjí lọ, ẹni tó ń ta àlòkù ẹ̀rọ lórí Rye Lane láàárín ẹlẹ́ja àti aláṣọ, wọ́n ra pírńtà kan tó máa ń húkọ́ bí bàbá arúgbó kó tó ṣiṣẹ́. Uncle yìí ló kọ́ Yusrah bí a ṣe ń fi abẹ́rẹ́ rọ íńkì sínú ike rẹ̀ àtijọ́ dípò ká máa ra tuntun, bí a ṣe ń kọ́kọ́ tẹ ojú nìkan sí etí bébà láti mọ̀ bóyá àwọ̀ pé, àti bí a ṣe ń to fọ́tò mélòó kan sórí bébà kan ṣoṣo kí a tó fi sísọ́ọ̀sì gé e. Fọ́tò àkọ́kọ́ tó jáde, ọkọ ìyàwó dúdú bí ewé ẹ̀fọ́. Èkejì, ẹ̀yìn bébà tí kì í dán ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, kò sì gbẹ títí di òní. Nígbà tó yá, ọwọ́ Yusrah mọ́ iṣẹ́ náà débi pé ó ń wá ohun tí yóò tẹ̀ kiri.

Lọ́jọ́ tí Àlhájà dé, wọ́n wo fọ́tò wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n mirí.

"Níbo lẹ ti fọ gbogbo èyí, Ṣẹ́ríìfù?"

"Ilé níbí ni, Màámi. Yusrah ló ń fọ̀ wọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ dára ju tèmi lọ."

Kíṣìnì ni Yusrah wà nígbà náà, ó ń din dòdò, fáànù ń pariwo lórí rẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ fi í sọ́kàn o, torí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Fọ́tò kan ṣoṣo ló kù láyé tí Alhaji Làtíìfù wà nínú rẹ̀. Iná ti jó pálọ̀ ilé wọn ní Ìwó nígbà kan, gbogbo álíbọ́ọ̀mù sì bá a lọ. Èyí tó yọ, ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé ni Àlhájà fi kọ́ sí láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní ìyàwó tuntun, lókè ààrò gan-an, láìsí gíláàsì, láìsí férémù. Àwọn ọmọ gbà pé ìfẹ́ ló fà á, pé ìyá àwọn kò fẹ́ kí bàbá jìnnà sí òun bó ti wù kí ọbẹ̀ pẹ́ lórí iná tó. Èéfín ti sọ ọ́ di rúsúrúsú, ọ̀rá ti lẹ̀ mọ́ ọn lójú, apá òsì rẹ̀ sì ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Ohun tí èèyàn lè rí níbẹ̀ kò ju ọ̀dọ́mọkùnrin kan lọ tó gbá kẹ̀kẹ́ mú, tó ń rẹ́rìn-ín, tí kò wo ẹni tó ń ya fọ́tò. Apá òsì ló kọjú sí, níbi tó dúdú yẹn. Láti kékeré ni Sherifdeen àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń béèrè pé, "Màámi, kí ni Bàbá ń rín?" Èsì kan náà ni wọ́n máa ń gbà: fọ́tógíráfà ló ń ṣe yẹ̀yẹ́.

Àlhájà ní ìtàn kan tí wọn kì í yé sọ, wọ́n sì ti sọ ọ́ nínú takisí kí wọ́n tó dé Peckham: bí Làtíìfù ṣe sáré lé wọn títí tí bàtà rẹ̀ fi jẹ, tí wọn kò sì gbójú wò ó rí.

"Láyé tiwa, ọmọbìnrin kì í wo ojú ọkùnrin," wọ́n á ní. "Ọjọ́ yìgì ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí imú rẹ̀ ṣe rí."

Yusrah á tẹ orí ba. Òun ló kọ́kọ́ kí Sherifdeen níbi ìpàdé àwọn ọmọ Mùsùlùmí ní yunifásítì, òun ló sì gba nọ́ńbà rẹ̀.

Báálù Àlhájà di ọjọ́ Sátidé. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Sherifdeen ti lọ síbi iṣẹ́ ní Sydenham, Àlhájà tú fọ́tò náà jáde nínú gèlè tí wọ́n fi wé e wá láti Ìwó, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lé Yusrah lọ́wọ́ bí ẹni gbé ọmọ tuntun fún èèyàn.

"Òyìnbó mi, bá mi fọ fọ́tò yìí kí n tó lọ. Àwọn ọmọ ń bínú pé èmi nìkan ni mo di bàbá wọn mú. Òun nìkan ló kù o, rọra ṣe é. Jẹ́ kó mọ́ dáadáa, kí ojú rẹ̀ yọ kedere."

"Kí n fọ...?"

"Fọ̀ ọ́ kẹ̀! Ọkọ rẹ ní ìwọ lo mọ̀ ọ́n ṣe jù nínú ẹ̀yin méjèèjì."

Yusrah wo fọ́tò náà. Ó dọ̀tí, ká má purọ́. Ó sì jẹ́ òótọ́ pé òun mọ nǹkan fọ̀ ju ọkọ òun lọ, nítorí Sherifdeen kì í fọ ife tó fi mu tíì. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí i lójú rẹ̀. Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ẹni tó bá béèrè ní Peckham, òyìnbó ni wọn yóò tún pè é.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Mummy," ó ní. "Á mọ́ tónítóní."

Kí ẹnikẹ́ni má pe ọmọ yìí ní aláìbìkítà. Kò lo omi gbígbóná, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ló bù sínú abọ́ ńlá. Ọṣẹ ìfọbọ́ tó kán sí i kò ju ẹ̀kán kan lọ. Kò lo kànìnkànìn, òwú rírọ̀ tó fi ń nu àtíkè lójú ló mú. Ó ṣe bísímílà, ó tẹ́ Alhaji Làtíìfù sínú omi, ó sì ń fi òwú pa á lójú bí ẹni ń wẹ ọmọ jòjòló. Omi náà kọ́kọ́ pọ́n bíi tíì, lẹ́yìn náà ó dúdú. Ó dà á nù, ó bu òmíràn, ó tún dà á nù. Inú rẹ̀ ń dùn, ó ń kọrin sábẹ́ ahọ́n. Lónìí ni wọn yóò pè mí ní ìyàwó, ló ń sọ lọ́kàn. Ó ṣan fọ́tò náà dáadáa, ó gbé e lọ sídìí fèrèsé níbi tí irin ìsáṣọ wà, ó fi pẹ́ẹ̀gì há a láàárín ìbọ̀sẹ̀ Sherifdeen méjì.

Àlhájà kírun Aílà tán, wọ́n jáde wá sí pálọ̀ pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Wọ́n rí ọkọ wọn lórí irin. Omi ń kán tó, tó, tó láti àgbọ̀n rẹ̀.

"Yéè! Làtíìfù! Láàárín ìbọ̀sẹ̀!" Tẹ̀sùbáà já bọ́ lọ́wọ́ wọn. "Kí lo fi ṣe, ọmọ yìí? Kí lo fi ọkọ mi ṣe?"

Ìbẹ̀rù sì gba ìwọ̀nba ohùn tí Yusrah ní lọ pátápátá.

"Mummy, mo ti fọ́ ọ."

Ẹ gbọ́ nǹkan tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó fẹ́ wí pé òun ti fọ̀ ọ́ bí aṣọ. Àlhájà gbọ́ pé ó ti fọ́ ọ bí àwo.

"Ó tún ń jẹ́wọ́! O ti fọ́ ọ lóòótọ́!"

"Omi ni mo fi fọ́ ọ, Mummy! Omi àti ọṣẹ!"

"Ọṣẹ!" Àlhájà jókòó gbì sórí àga, wọ́n ká ọwọ́ lérí. "Làtíìfù o. Ìgbà kan ṣoṣo là ń wẹ òkú. Wọ́n wẹ̀ ọ́ ní Ìwó, a sin ọ́. Wọ́n tún wá wẹ̀ ọ́ ní Peckham, wọ́n sá ọ sóòrùn!"

Yusrah sáré mú fóònù rẹ̀. Ó pe Sherifdeen, ó sì tẹ̀ ẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta.

"Babe, fọ fọ́tò, what does it mean?"

"Print. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ back home nìyẹn, wash pictures. Kí ló dé?" Ọ̀rọ̀ náà wá yé e. "Yusrah. Nítorí Ọlọ́run. Tell me you didn't."

"With washing-up liquid."

Nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú fóònù bí kẹ́tù tó fẹ́ hó. Ẹ̀rín ni Sherifdeen ń há mọ́ra. Ìgbà tó gbọ́ igbe ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ni ẹ̀rín náà kú.

"That's the only one," ó ní. "Kò sí òmíràn láyé. Mo ń bọ̀ nílé."

Yusrah ju fóònù sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ Àlhájà. Ẹ̀dùn ọkàn tó bá a kì í ṣe kékeré. Kò rántí pé òun fẹ́ kí wọ́n pe òun ní ìyàwó mọ́. Bàbá kan ṣoṣo ni àwọn ọmọ yìí ní, kò sì ju bébà pẹlẹbẹ kan lọ, òun ló sì gbé e rì sínú omi ìfọbọ́.

"Ẹ dákun, Mummy," ó ń sunkún. "Ẹ ní kó mọ́ ni. Mo fẹ́ kó mọ́ ni."

Àlhájà kì í ṣe òǹrorò. Wọ́n gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn, ṣùgbọ́n wọn kò wo ojú rẹ̀. Báyìí ni àwọn méjèèjì wà, ọ̀kan ń sunkún lókè, èkejì ń sunkún nílẹ̀, nígbà tí oòrùn, tó máa ń ṣoore fún Peckham nígbà tó bá wù ú, yọ sójú fèrèsé. Yusrah rántí pé fọ́tò lè ká jọ bí oòrùn bá pa á. Ó dìde láti lọ mú un kúrò, kó lè ṣe oore kan ṣoṣo tó kù fún un.

Ó mú un lọ́wọ́. Kò padà wá síbi tó ti kúnlẹ̀.

"Mummy, ẹ wò ó."

"Mi ò fẹ́ wò ó."

"Mummy, kò f..." Ó gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì. Ó ti gbọ́n. Ó wá òmíràn tí ohùn kò lè bà jẹ́. "Ó dáa gan-an, Mummy. Ẹ wò ó."

Àlhájà la ojú kan. Wọ́n la èkejì. Wọ́n dìde.

Fọ́tò ayé àtijọ́, inú omi ni wọ́n ti ń bí i, omi kì í sì í pa ẹni tí a bí sínú rẹ̀. Èéfín àti ọ̀rá nìkan ló ti bá ọṣẹ lọ. Alhaji Làtíìfù dúró níbẹ̀ kedere, fìlà rẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, aago kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán, èjí tó wà lẹ́nu Sherifdeen wà lẹ́nu rẹ̀ gbayawu. Àlhájà fi ìka kan òfìfo tó wà níwájú ojú rẹ̀, wọn kò jẹ́ kí ìka náà kan bébà. Wọn kò tíì rí ojú yẹn báyẹn láti ọjọ́ pípẹ́.

"Alhamdulillah," ni wọ́n ń wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Làtíìfù. Ìwọ rèé."

"Mummy," Yusrah pè wọ́n. "Ta nìyí?"

Ó ń nàka sí apá òsì, níbi tó ti máa ń dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹnu ọ̀nà kan ló wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan dúró sí ẹnu ọ̀nà náà pẹ̀lú abọ́ omi lọ́wọ́, ó ya ẹnu sílẹ̀ díẹ̀, ó ń wo Làtíìfù bí ẹni ń wá oṣù Ramadan. Abọ́ náà ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Omi ń dà sí i lẹ́sẹ̀ yàà, kò tilẹ̀ mọ̀.

"Mi ò mọ̀ ọ́n," Àlhájà dáhùn kíákíá.

"Ó jọ yín o."

"Aládùúgbò ni."

"Ó ní pélé bíi tiyín."

"Gbogbo Ìwó ló ní pélé nígbà yẹn!" Wọ́n wo fọ́tò náà, wọ́n wo Yusrah, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọmọ dáadáa. Ìdọ̀tí tó wà níbẹ̀ yẹn, ṣé o lè dá a padà?"

"Ó ti bá sink lọ, Mummy."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ já lẹ́nu Yusrah, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, kò bá a mọ́. Àlhájà bojú jẹ́. Wọ́n gbìyànjú láti jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu wọn ń gbọ̀n, nígbà tó yá èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì, bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì ṣubú sórí àga, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń rin níhàhá.

"Ó dáa, èmi ni," Àlhájà ní. "Fọ́tógíráfà yẹn ló pa mí. Wọ́n wá ya Làtíìfù ní ojúde wa, mo ń pọn omi bọ̀. Mo ní kí n wò ó lẹ́ẹ̀kan péré. Ojú mi lẹ̀ mọ́ ọn. Omi tó dà yẹn ni Làtíìfù ń rín. Nígbà tí a fẹ́ra tán, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀, kò sí àlejò tí kì í fi hàn: 'Ẹ wá wo ẹni tó ní òun ò wojú mi o!' Mo ní kò burú. Mo gbé e lọ sókè ààrò. Mo ní, èéfín, bá mi bo ọmọbìnrin yìí."

"Sherif said it was love."

Gẹ̀ẹ́sì ti já bọ́ lẹ́nu rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó kà á sí.

"Ìtìjú ni! Ìfẹ́ wo?"

"Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pálọ̀ ló wà, Mummy, iná á ti jó o."

Àlhájà tún wo fọ́tò náà. Wọn kò ronú kàn án báyẹn rí.

Ìgbà yẹn ni Sherifdeen já wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ti sáré láti ìdí ọkọ̀ ojú irin. Ó retí òkú, ó bá ẹ̀rín. Wọ́n gbé fọ́tò náà fún un. Ó wo bàbá rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi kún fún omi. Lẹ́yìn náà ló wo apá òsì.

"Màámi? Ẹ̀yin nìyí?" Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ọjọ́ yìgì lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí imú rẹ̀ ṣe rí, àbí? Wallahi, I'm finished!"

Tìmùtìmù àga bà á lórí. Àlhájà ló jù ú.

Nígbà tí ara balẹ̀, wọ́n pàṣẹ. "Ẹ jẹ́ ká fọ̀ ọ́ bó ṣe yẹ ká fọ̀ ọ́. Làtíìfù nìkan o. Ẹ gé ọmọbìnrin yẹn dànù. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ kò gbọdọ̀ rí i, n kò ní gbádùn nínú ilé yẹn mọ́."

Yusrah tẹ́ fọ́tò sídìí fèrèsé, ó fi fóònù yà á nínú ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run, ó gé ẹnu ọ̀nà kúrò. Pírńtà húkọ́, ó tún húkọ́. Eléyìí tó kọ́kọ́ jáde, Alhaji pupa bí àlùbọ́sà. Yusrah fi abẹ́rẹ́ rọ íńkì, ó fi rọ imú ara rẹ̀ pẹ̀lú. Èyí tó tẹ̀ lé e dára gan-an, ó dára débi pé Àlhájà, tó ń ti ibi àlùwàlá Alaásárì bọ̀, kò lè dúró. Wọ́n fi ọwọ́ tútù gbá a mú. Ojú Alhaji ṣàn wálẹ̀ dé àyà.

"Ẹ wá wò ó!" Àlhájà gbé e sókè, kò dùn wọ́n rárá, ayọ̀ ló ń gun wọ́n. "Tèmi fi ọṣẹ wẹ̀, ó tún wá rẹwà sí i. Tiyín rí omi àlùwàlá lásán, ó ti ń sunkún!"

Wọ́n tún ọ̀kan tẹ̀. Wọ́n jẹ́ kó gbẹ. Kò sí àbùkù lára rẹ̀ rárá: Làtíìfù, kẹ̀kẹ́, fìlà, èjí. Yusrah tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́ lórí tábìlì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ọkùnrin inú fọ́tò tuntun ń wo etí bébà, ó ń rẹ́rìn-ín sí òfìfo.

"Màámi," Sherifdeen béèrè jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń béèrè nígbà tó wà ní kékeré. "Kí ni Bàbá ń rín?"

Àlhájà wo òfìfo yẹn. Wọ́n nu ojú wọn pẹ̀lú ìdí ìbòrí.

"Èmi ni," wọ́n ní. "Èmi ló ń rín. Ẹ dá mi padà síbẹ̀."

Bí pírńtà ṣe ń húkọ́ tí Alhaji àti ọmọbìnrin olómi ń jáde nìyẹn, méjì lórí bébà kan, títí ti gbogbo àwọn ọmọ fi pé. Àlhájà jókòó ti Yusrah, wọ́n ń fi ẹnu fẹ́ bébà kọ̀ọ̀kan kó lè tètè gbẹ. Nígbà tí Yusrah mú sísọ́ọ̀sì, wọ́n na ọrùn.

"Ìyàwó mi, rọra o. Má gé omi tó wà lẹ́sẹ̀ mi kúrò."

Sísọ́ọ̀sì dúró lójú kan. Yusrah kò gbójú sókè, torí ó mọ̀ pé tí òun bá gbójú sókè, ẹkún ló kàn. Inú rẹ̀ dùn débi pé ìlà tó gé tẹ̀ lé e wọ́ bí ọ̀nà oko. Kò sẹ́ni tó bá a wí.

Ní àárọ̀ Sátidé, ẹrù ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Àlhájà di báàgì tí fọ́tò wà nínú rẹ̀ mọ́yà. Yusrah wo fóònù, ó sì ké láti ìdí fèrèsé, tayọ̀tayọ̀, gbalaja, bí ẹni ń ka nọ́ńbà bọ́ọ̀sì:

"Mummy, ọkọ yín ti dé!"

Sherifdeen la ẹnu. Àlhájà gbọ́wọ́ sókè sí i.

"Má tún un ṣe fún un. Òótọ́ ni ìyàwó mi sọ." Wọ́n rọra fọwọ́ lu báàgì náà. "Ó ti dé, èmi àti ẹ̀ la jọ ń lọ sílé. Takisí ńkọ́, ṣé òun náà ti dé?"